Ewìrì Inú Ọkọ̀ Tó Dákẹ́

Ẹ jí ní òwúrọ̀ oṣù Kejìlá ní Manchester, yìnyín ti bo ọkọ̀ funfun báláú. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ṣáná sí i, ẹ yí bọ́tìnì ooru sókè, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ ìró atẹ́gùn tí ẹ máa ń gbọ́. Láìpẹ́, èémí yín ti bo gíláàsì iwájú, ẹ ò rí títì mọ́. Òtútù nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Òfin ìrìnnà Bìrìtéènì kàn án nípá pé kí awakọ̀ rí ìta kedere kó tó gbéra, nítorí ọmọ ọlọ́mọ lè máa sọdá lọ sílé ìwé. Aládùúgbò mi, ẹ jẹ́ ká jọ tọpa àìsàn náà.

Níbo ni ooru ọ̀hún tilẹ̀ ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ló rò pé iná kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń yá wa. Nínú ọkọ̀ tó ń mu pẹtiróòlù tàbí díṣẹ́ẹ̀lì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbóná, omi tó ń yí i ká ń gba ooru rẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà sì ń gba inú rádíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Rádíétọ̀ kékeré yẹn ni ẹyin iná alágbẹ̀dẹ, fáànù sì ni ewìrì tó ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí wa lára. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ àmọ́ tó tutù, ẹyin iná lẹ́jọ́: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ wo omi rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ rárá, ewìrì ni. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, torí fáànù kan náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn AC.

Ẹ yí bọ́tìnì fáànù láti ìpele kìíní dé èyí tó ga jù, kí ẹ sì tẹ́tí. Ṣé ó dákẹ́ ní ìkíní, ìkejì àti ìkẹta, àmọ́ ó fẹ́ gidi ní ìkẹrin? Ọkàn yín balẹ̀: mọ́tò fáànù yín kò kú. Rẹsísítọ̀ ló jó.

Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí kànga. Bí ẹ bá fẹ́ kí korobá rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ di okùn mú. Bí ẹ ṣe ń dì í mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni korobá ń rọra lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ́lẹwọ́ ń gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ kó yára, ẹ ó kàn tú ọwọ́ sílẹ̀. Rẹsísítọ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Iná tó ń lọ bá mọ́tò ló ń dì mú, kí fáànù lè rọra yí. Ní ìpele tó ga jù, iná kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, tààrà ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ìpele yẹn fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ti kú. (Ọkọ̀ tó ń díwọ̀n ooru rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà ní irú rẹsísítọ̀ yìí, ẹ̀yà mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ náà, ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni kó wò ó.)

Ṣé ká kàn pààrọ̀ rẹ̀ ká máa lọ? Ẹ dúró ná, ẹ bi í pé kí ló jó o. Ojú ọ̀nà atẹ́gùn fáànù gan-an ni wọ́n fi rẹsísítọ̀ sí, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ tutù. Bí fítà, asẹ́ tó ń gba eruku inú ọkọ̀, bá ti dí, atẹ́gùn kò ní tó, tuntun náà á sì tún jó. Mọ́tò tó ti ń le í yí á fa iná jù, ìyẹn náà á jó o. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ rẹsísítọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Itẹ́ eku ló wà nínú ihò fáànù, kò sì sẹ́ni tó bẹ ibẹ̀ wò. Ẹ wo ẹnu wáyà tó so mọ́ ọn pẹ̀lú. Bí ike rẹ̀ bá ti yọ́, ẹ pààrọ̀ òun náà.

Bí gbogbo ìpele bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe kó já, kí ọkọ̀ má baà jó. Ti fáànù sábà máa ń jẹ́ áńpù 30 tàbí 40, nọ́ńbà náà wà lórí rẹ̀, ìwé ọkọ̀ yín á sì sọ ibi tó wà. Bó bá já, ẹ fi nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi 40 sí àyè 30, ẹ má sì fi wáyà dè é. Wáyà ọkọ̀ ni yóò jó dípò fíúsì, iná á sì sọ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ yín kò tó. Bí tuntun bá tún já lójú ẹsẹ̀, mọ́tò ti gan tàbí wáyà kan ti bó, ó ń kan irin: iṣẹ́ rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, nìyẹn.

Bí fíúsì bá dára, ẹ gbé fáànù sí ìpele tó ga jù, kí ẹ fi ìdí sukudiráfà kan ara mọ́tò náà jẹ́jẹ́. Abẹ́ píjìn-hóólù, níwájú ìjókòó èrò, ló sábà máa ń wà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí yí, kábọ́ọ̀nù kéékèèké tó ń gbé iná lé mọ́tò lọ́wọ́ ló ti jẹ tán. Yóò tún dákẹ́, ẹ tètè wá mọ́tò. Bí kò bá yí, kí rewáyà fi tẹ́sítà wo ẹnu wáyà tó wọ mọ́tò. Bí fóòtì 12 bá dé ibẹ̀, tí áàtì (wáyà tó ń dá iná padà) sì dára, mọ́tò ló kú. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ẹ má ra mọ́tò o. Ojú ọ̀nà ni iná ti sọnù, yálà níbi rílé, bọ́tìnì, tàbí wáyà tó já.

Nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ẹ má kàn ní híta ò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ìpele tó ń fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, ẹ sọ bí fíúsì ṣe rí, ẹ sì ní kó fi tẹ́sítà hàn yín kó tó dárúkọ owó mọ́tò. Títí iṣẹ́ yóò fi parí, bí gíláàsì iwájú kò bá mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.