Òkè Rocky ní Ìparí Ìgbà Ooru: Oṣù Kẹjọ àti Oṣù Kẹsàn-án

Ẹni tó bá gbọ́ pé ooru mú ní Denver nínú oṣù Kẹjọ, kó má torí ìyẹn fi súwẹ́tà sílẹ̀ nílé. Olú ìlú ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni Denver, ó fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni Òkè Rocky ti gbéra sókè, bí èèyàn bá sì ti gun ẹgbẹ̀rún mítà kan, ooru á ti fi nǹkan bí 6 tàbí 7°C dín. Òtútù máa ń mú lóru ní Leadville, ìlú tó wà ní 3,094 mítà. Ní ṣóńṣó Longs Peak, tó ga ní 4,346 mítà, kò sí oṣù tí òjò dídì kò lè bọ́ nínú ọdún.

Òjò ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lásìkò yìí ni ti òjò ọ̀sán. Láti oṣù Keje títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, atẹ́gùn máa ń gbé ọ̀rinrin wá láti gúúsù, láti orí omi tó wà ní tọ̀tún-tòsì ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ilẹ̀ á mọ́, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, kò ní sí ẹyọ ìkùukùu kan. Oòrùn á wá máa ta sí ẹ̀gbẹ́ òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gbóná, á sì máa gòkè lọ síbi tó tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di ìkùukùu. Nígbà tó bá máa fi di agogo méjìlá, ìsàlẹ̀ ìkùukùu náà á ti ṣú. Láàárín agogo kan sí mẹ́rin, àrá á máa sán, yìnyín á máa já lu àpáta. Lọ́pọ̀ ìgbà, òjò náà kì í pẹ́ rárá. Kó tó di alẹ́, ojú ọ̀run á ti là.

Òwúrọ̀ dáadáa yẹn gan-an ló ń tan àlejò jẹ. Láti nǹkan bí 3,500 mítà lọ sókè, igi kì í hù mọ́, èèyàn tó bá dúró níbẹ̀ ló ga jù lójú ilẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 2014, mànàmáná pa èèyàn méjì ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀léra ní Rocky Mountain National Park, ọgbà ìjọba tó wà lórí òkè yìí. Nítorí náà, àwọn tó mọ òkè náà máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Lójú tèmi, agogo ọwọ́ wúlò níbẹ̀ ju bàtà olówó ńlá lọ. Bí ẹ bá ti lè gbọ́ àrá, mànàmáná ti sún mọ́ yín tó láti pa yín: ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa dára ju abẹ́ àpáta lọ.

Omi àti iná

Nígbà mìíràn, òjò náà kì í kúrò lójú kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1976, atẹ́gùn òkè kò lágbára tó láti tì í lọ, ó sì da nǹkan bí 300 mìlímítà omi sórí àfonífojì odò Big Thompson ní Colorado láàárín wákàtí díẹ̀. Èèyàn 144 ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú mọ́tò, tí wọ́n fẹ́ sáré ju omi lọ. Títí dòní, pátákó wà lẹ́bàá títì níbẹ̀ tó ń sọ fún èèyàn pé bí omi bá dé, kó fi mọ́tò sílẹ̀, kó gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, òjò tó rọ̀ ní Boulder láàárín ọ̀sẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odidi ọdún kan.

Lọ́dún tí òjò bá kọ̀, iná ló kù tí a ó máa ṣọ́. Iná igbó Cameron Peak ní Colorado bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ó sì jó ju 200,000 éékà lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ooru Denver lé ní 38°C; nígbà tó di ọjọ́ 8, òjò dídì ń bọ́ níbẹ̀. Òjò dídì náà mú kí iná Cameron Peak dẹwọ́, kò pa á. Oṣù Kejìlá ni wọ́n tó ká a mọ́ pátápátá.

Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, àrá máa ń dínkù, ìgbà yìí ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ewé igi aspen á pọ́n bí ìgbà ooru ṣe ń parí ní ọjọ́ 22 tàbí 23. Ṣùgbọ́n títì Trail Ridge, tó gba inú Rocky Mountain National Park kọjá, tó sì gun òkè dé 3,713 mítà, lè wà ní títì pa ní òwúrọ̀ tí òjò dídì bá bọ́ mọ́jú. Kí awakọ̀ béèrè ní ọjọ́ náà gan-an, kó sì fi ilé epo sọ́kàn: kò sí ọ̀kan lójú ọ̀nà náà.