Ìwé Ìtàn Ìlú: Ẹlẹ́rìí Ni, Kì Í Ṣe Adájọ́

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Láyé òde òní, a lè fi ẹ̀kẹta kún un: ẹni tí kò bá ìtàn, tí kò sì rí ẹni pa àrọ́bá fún un, yóò bá ìwé. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Irú èyí tí mo ní lọ́kàn ni ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kọ nípa ìlú wọn: bí a ti tẹ ìlú dó, àwọn ọba tí ó jẹ, ogun tí a jà, oyè àti àṣà ibẹ̀. A ń fi wọ́n kọ́ ọmọ nílé ìwé, a sì ń gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ nígbà tí ìjà oyè tàbí ti ilẹ̀ bá dé. Ohun tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó bí wọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun jà ní ilẹ̀ Yorùbá dé ibi pé Ọ̀yọ́-Ilé dahoro, Òwu fọ́, ọ̀pọ̀ ìletò Ẹ̀gbá sì di ìgbẹ́. Nígbà tí ogun fi rọlẹ̀ ní 1893, àwọn àgbà tí ó mọ bí ayé ti rí tẹ́lẹ̀ ti ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí ó ti kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì rí i pé bí wọ́n bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ yóò bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Ni wọ́n bá mú gègé. I. B. Akínyẹlé, tí ó padà wá jẹ Olúbàdàn ní 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Ti Èkó tí J. B. Losi kọ jáde ní 1914. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí N. D. Oyèrìndé kọ jáde ní 1934.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́: ìtàn àwọn Yorùbá láti ọwọ́ Àlùfáà Samuel Johnson. Johnson parí ìwé náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wétà ní ilẹ̀ Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láì rí i kí a tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé jọ, tí ó tún ìwé náà tò. Ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tí ó ń gbé èyí náà lọ bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah alára ti di olóògbé ní 1920. Nítorí náà, ọwọ́ méjì ni ó wà nínú ìwé tí à ń pè ní ti Johnson: ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, àti ọwọ́ ẹni tí ó tún un tò. Ẹni tí ó bá ń di gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ mú bí ẹsẹ Ifá, kí ó rántí èyí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi ìwé ìtàn ìlú kí a tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkíní: ta ni ó kọ ọ́, ibo ni ó sì dúró sí tí ó fi ń wo ọ̀rọ̀? Ilẹ̀ Sàró ni a bí Johnson sí ní 1846, ṣùgbọ́n ìran Aláàfin Abíọ́dún ni bàbá rẹ̀. Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe òpó ilé, tí àwọn yòókù dà bí yàrá ẹ̀gbẹ́.

Èkejì: ta ni ó sọ fún un? Fún ìtàn àtijọ́, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ púpọ̀. Arọ́kin kì í ka ọdún. Ọba ni ó ń kà, lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí náà, bí ìwé kan bá so ọdún kan pàtó mọ́ ọba tí ó jẹ kí àkọsílẹ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí ó ti rí i. Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ni ó ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó ń lọ nígbà tí a kọ ọ́? Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ti ọwọ́ ọba ṣèlú, adé, ipò ìlú àti ààlà ilẹ̀ di ohun tí a ní láti fi ẹ̀rí gbè. Ọ̀pọ̀ ìwé jáde ní àsìkò tí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ gbóná. Èyí kò sọ wọ́n di irọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ kí a gbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí pa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Lójú ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn, ọ̀tẹ̀ ni: ṣebí Ìbàdàn ni ó dá Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840? Lójú ẹni tí ó jókòó sí Òkè-Mẹ̀sí tàbí Iléṣà, ìjà òmìnira ni. Johnson kò bo ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mọ ogun náà dáadáa, nítorí pé òun àti Charles Phillips ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn àlàáfíà lọ sí àgọ́ ogun méjèèjì ní 1886. Síbẹ̀, láti ìhà Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ó ti ń wò ó. Ní 1971, S. A. Akíntóyè tẹ ìwé jáde lórí ìdìde Èkìtìparapọ̀, ìhà kejì sì hàn gbangba. Akíntóyè kò pa Johnson rẹ́. Ẹlẹ́rìí kejì ni ó pè.

Ewu kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ ṣe ìwádìí ṣọ́ra fún. Ìwé a máa padà sí ẹnu. Àgbà kan lè ka Johnson ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí. Bí o bá wá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, ohun tí ó wà nínú ìwé ni yóò sọ. O wá délé, o ní ẹlẹ́rìí méjì gbè ara wọn, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni o gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ìtàn tí a rò, ẹ máa tẹ́tí sí oríkì orílẹ̀, orúkọ àdúgbò, orin ọdún ìbílẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé. Àwọn wọ̀nyí náà lè yí padà, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè gba àtúnṣe bí ìtàn tí a ń rò fún àlejò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kó àwọn ìwé wọ̀nyí dànù nítorí àléébù wọn. Bí kì í bá ṣe tiwọn, òkùnkùn ni à bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ ní ìwé kan ṣoṣo. Ẹ fi ìwé ìlú kan ko ti ìlú kejì lójú, kí ẹ sì rán ọmọ lọ bi àwọn àgbà agbo ilé rẹ̀. Bí ọmọ Èkìtì bá ń kà nípa àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ẹni tí ó ṣẹ́gun wọn nìkan, yóò kẹ́gàn ilé rẹ̀. Bí ọmọ Ìbàdàn bá sì ń ka ìṣẹ́gun nìkan, kò ní í mọ ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ìlú para pọ̀ dojú kọ àwọn baba rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.