Bí wọ́n bá pín owó Dangote fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, èló ló máa kan ẹnìkọ̀ọ̀kan?

Kò wọ́pọ̀ kéèyàn máa gbé ní Awóyayà, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, kó má mọ orúkọ Alhaji Aliko Dangote. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọkọ̀ ńláńlá ń gbà lọ sí ilé iṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí lọ́jọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Nǹkan bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Abájọ tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé bí ọkùnrin náà bá lè pín owó rẹ̀, ìyà á tán nílẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn.

Ìwé ìròyìn Forbes ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó máa ń to orúkọ àwọn olówó ayé lọ́dọọdún, sọ lọ́dún 2025 pé ohun ìní Dangote tó 23.9 bílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí N1,500, gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe kà á nínú ètò ìṣúná ọdún náà, ó jẹ́ N35.85 tírílíọ̀nù. Ọmọ Nàìjíríà lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá pín gbogbo rẹ̀ fún 200 mílíọ̀nù èèyàn láìṣẹ́ kọ́bọ̀ kù, N179,250 ló máa kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n sọ di òfin lọ́dún 2024, jẹ́ N70,000. Ohun tó kan èèyàn kò tó owó oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n máa pín in.

Yàtọ̀ sí èyí, owó náà kò sí nínú àpò. Lọ́dún 2024, 13.9 bílíọ̀nù dọ́là ni Forbes kà fún un. Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó jẹ́ kó fò sókè ní ọdún kan ni pé wọ́n ka ilé ìfọpo náà mọ́ ọn. Bí ẹni tó ní oko kòkó ńlá ni: olówó ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bí kò bá rí ẹni ra oko, kò lè fi ilẹ̀ ra ẹ̀bà jẹ.

Owó tó pọ̀ ju ti Dangote lọ wà lọ́wọ́ ìjọba. Lóṣù kejì ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu ètò ìṣúná N54.99 tírílíọ̀nù. Bí wọ́n bá ní kí ohun ìní Dangote máa gbọ́ bùkátà ìjọba àpapọ̀, kò ní pé oṣù mẹ́jọ tí yóò fi tán. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún kan náà jẹ́ N3.366 tírílíọ̀nù, ìyẹn ni yóò gbé fún ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀.

Síbẹ̀, owó ìjọba náà kò tó nǹkan bí a bá wo iye èèyàn tó ń pín in. Lórí 200 mílíọ̀nù èèyàn, N54.99 tírílíọ̀nù yẹn jẹ́ nǹkan bíi N753 lójúmọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. N196 nínú rẹ̀ ti lọ síbi gbèsè. Nínú èyí tó kù ni wọ́n ti máa sanwó àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá, tí wọ́n máa ṣe ọ̀nà, tí wọ́n máa ra oògùn. Owó tí ìjọba fẹ́ yá sì tún wà lára rẹ̀. Elon Musk ará Amẹ́ríkà, tí Forbes ka 342 bílíọ̀nù dọ́là fún lọ́dún 2025, ní ohun ìní tó ju ètò ìṣúná Nàìjíríà lọ lọ́nà mẹ́sàn-án. Àwọn àgbà ló sọ pé bí olówó kan bá wà láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì di méje.

Nítorí náà, ẹni tó ń wo géètì Dangote nìkan ń wo ibi tí kò kàn án. Ohun ìní Dangote, tirẹ̀ ni. Owó ìjọba ni ti ará Awóyayà, ọdọọdún ló sì ń wọlé. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbé ọjà, ibùdókọ̀, òpópónà àdúgbò àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kì í ṣe kí gómìnà dá a dúró.

Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n owó ìjọba, owó bàbá àti ìyá gbogbo wa ni. Bí gọ́tà bá kún àkúnya lójò, tí ilé ìwòsàn kò ní oògùn, alága àti káńsílọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi pé: "Èló lẹ gbà, kí lẹ fi ṣe?"