Kọ̀ǹpútà Àjọlò àti Ìṣòro Àtúnṣe Rẹ̀

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ̀rín ni ó fi í rín. Ó ní iṣẹ́ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ pe àwùjọ jọ. Èsì tí n kò lè fún un tán ní ọjọ́ náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tàn án, tí ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè ka fáìlì kan àti ẹni tí kò gbọdọ̀ kà á. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux jẹ́ òmíràn. Ètò adarí ni n ó máa pè é. Àtúnṣe ni ègé ètò tuntun tí àwọn tí ó kọ ètò adarí ń fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn tí a ti ra ẹ̀rọ tán, kí a lè fi dí ihò tí wọn kò rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà àjọlò sì ni èyí tí ó ju ẹnì kan lọ ń lò: ti ilé ìkàwé, ti ọ́fíìsì, ti yàrá ẹ̀kọ́, ti ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ fún èdè wa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Bí Àjọlò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1960, odindi yàrá ni kọ̀ǹpútà kan máa ń gbà, owó rẹ̀ sì ju agbára ẹnì kan lọ. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ láti ṣe yóò lu iṣẹ́ náà sára páálí oníhò, yóò gbé e fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, yóò sì padà wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan tí ń jẹ́ CTSS han àwọn ènìyàn. Ètò yìí jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ju ẹnì kan lọ láti lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní àkókò kan náà. Ẹ̀rọ náà yóò dá ẹni kìíní lóhùn fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni kejì, yóò sì máa yí po bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù yóò fi rò pé òun nìkan ni ó ń dá lóhùn. Nítorí pé ojú kan náà ni fáìlì gbogbo wọn wà, a fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tirẹ̀.

Ní ọdún 1966, nǹkan ìtìjú kan ṣẹlẹ̀ sí CTSS, Corbató fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ètò tí àwọn alábòójútó fi ń ṣe àtúnkọ fáìlì máa ń ṣẹ̀dá fáìlì ìgbà díẹ̀, orúkọ kan náà ni ó sì ń fún fáìlì yìí nígbà gbogbo. Ẹni tí ó kọ ètò náà gbà pé kò ní sí ìgbà tí alábòójútó méjì yóò jọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà dé. Ọ̀kan ń kọ ìkéde ọjọ́ náà, èkejì ń tún àkójọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ṣe, fáìlì méjèèjì sì gba ipò ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni ṣe ń wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé gbogbo ènìyàn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde fún un ní ipò ìkéde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sí olè kankan nínú ìtàn yìí. Àwọn tí ó ṣe ohun tí ó bàjẹ́ kò ṣe ju iṣẹ́ wọn lọ. Ohun tí kò léwu rárá nígbà tí ẹnì kan ń dá lo ẹ̀rọ ni ó di ewu nígbà tí wọ́n di méjì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àjọlò ti yàtọ̀ sí ti àdálò.

Ọjọ́ Tí Àtúnṣe Bá Jáde

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ti ń kó àtúnṣe Windows jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi yan ọjọ́ kan pàtó ni pé àwọn alábòójútó nílò àyè láti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà ń retí ọjọ́ yìí. Ẹni tí ó bá ní ètò àtijọ́ àti ètò tuntun lọ́wọ́ lè gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ náà ni ihò wà tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó wá dí ògiri gan-an ni ó ń fi ibi tí ó lanu han aláǹgbá. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí a kò tún ṣe lẹ́yìn tí àtúnṣe ti jáde wà nínú ewu ju bí ó ti wà kí àtúnṣe náà tó jáde lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lẹ́yìn òun.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ England ní ọdún 2017 yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa yékéyéké. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta ọdún náà, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ tí ó dí ihò kan nínú apá ibi tí Windows fi ń pín fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Shadow Brokers gbé irinṣẹ́ tí a lè fi gba inú ihò náà wọlé sójú íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, ètò búburú kan tí a mọ̀ sí WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn. Kò dúró de ẹni tí yóò ṣèèṣì tẹ nǹkan. Bí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, fúnra rẹ̀ ni yóò wá èyí tí ó wà ní àyíká rẹ̀ lọ. Yóò sọ gbogbo fáìlì di àdììtú, yóò wá béèrè fún 300 dọ́là owó íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó tú wọn sílẹ̀.

Nínú àjọ ilé ìwòsàn 236 tí ó wà ní England, 80 ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn kan ni kòkòrò náà wọ inú ẹ̀rọ wọn. Àwọn mìíràn fi ìbẹ̀rù pa ẹ̀rọ tiwọn. Ilé ìtọ́jú àwọn dókítà àdúgbò tí ó kó o tó 595. A fojú bù ú pé ó lé ní 19,000 ìpàdé aláìsàn àti dókítà tí a fagi lé, iṣẹ́ abẹ wà lára wọn. Ní agbègbè márùn-ún, àwọn aláìsàn pàjáwìrì ní láti rìn jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Marcus Hutchins, ni ó dá a dúró ní ọjọ́ kan náà. Ó rí i pé WannaCry máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì kan tí kò sí ẹni tí ó ni ín. Ó ra orúkọ náà. Bí ètò náà ṣe rí ẹni dá a lóhùn, ó jáwọ́.

Láti ọjọ́ tí àtúnṣe jáde títí di ọjọ́ tí WannaCry dé jẹ́ ọjọ́ 59. Kì í ṣe pé oògùn kò sí. Púpọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ tí ó kó kòkòrò náà ń lo Windows 7, tí Microsoft ṣì ń tún ṣe nígbà náà. A tilẹ̀ ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Kí ni ó wá fà á? Nínú ìwádìí tí àwọn olùṣirò ìjọba ilẹ̀ náà gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2017, gbólóhùn kan wà tí mo ka sí pàtàkì ju gbogbo ìṣirò wọn lọ: ilé iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn kò ní ọ̀nà kan pàtó tí ó fi lè mọ̀ bóyá àwọn ilé ìwòsàn tẹ̀lé ìkìlọ̀ náà. A wí, a kò sì béèrè.

Ẹ fi ojú inú wo kọ̀ǹpútà kan ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ń lò ó ní òwúrọ̀, dókítà ní ọ̀sán, akọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó láṣẹ láti fi àtúnṣe sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó lè fẹ́ kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀ kí ó sì tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí aláìsàn jókòó níwájú òun. Olúkúlùkù yóò ní kí ó di ìgbà mìíràn. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ tèmi nìkan, ìmẹ́lẹ́ mi ni yóò kó bá mi. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ìwà tí ó bójú mu ni olúkúlùkù hù, gbogbo wa sì jọ wọ ìjọ̀ngbọ̀n.

Àwọn Irinṣẹ́ Alábòójútó

Irinṣẹ́ wà tí a ṣe nítorí èyí gan-an. Mo rò pé ohun tí ó dára jù lọ nínú wọn kì í ṣe pé wọ́n ń dín iṣẹ́ kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé wọ́n ń yan ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀.

Èyí tí ó wúlò jù fún wa ní ilẹ̀ yìí ni ilé ìṣúra àtúnṣe. A ó ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀, òun nìkan ni yóò lọ gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù yóò sì wá gba tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àtúnṣe kan bá wúwo tó gígábáìtì 1, tí kọ̀ǹpútà 40 sì wà ní yàrá, gígábáìtì 40 ni a ó san owó rẹ̀ bí olúkúlùkù bá lọ gba tirẹ̀. Bí a bá ní ilé ìṣúra, 1 péré ni. WSUS ti Microsoft ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Windows. Microsoft kéde ní 2024 pé àwọn kò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pa á. Ẹni tí ó ń lo Linux lè ṣe ẹ̀dà ibi ìkópamọ́ ètò náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì fi irinṣẹ́ bí Ansible pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ẹ̀rọ. Ilé ìṣúra yìí ń jẹ́ kí alábòójútó rí ohun kan tí àwọn ará England kò rí: ẹ̀rọ tí ó ti gba àtúnṣe àti ẹ̀rọ tí kò tíì gbà á.

Irinṣẹ́ mìíràn wà tí a máa ń bá pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ń jẹ́ Deep Freeze. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kan, bí a bá ti pa á tí a tún tàn án, gbogbo rẹ̀ yóò parẹ́, ẹ̀rọ yóò sì padà sí bí ó ti wà. Ó dára púpọ̀ fún ẹ̀rọ tí ọgọ́rùn-ún ọwọ́ ń kàn lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbàjẹ́ àti àtúnṣe. Bí alábòójútó kò bá kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ kí ó tó fi àtúnṣe sí ẹ̀rọ, tí kò sì tún dì í lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yóò gba àtúnṣe ní ọ̀sán, yóò sọ ọ́ nù ní alẹ́, yóò tún gbà á ní ọjọ́ kejì, owó íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì máa lọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó kọ orí kẹta àpilẹ̀kọ rẹ̀ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí iná sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ẹ̀rọ náà kì í rántí nǹkan.

Àtúnṣe Tí Ó Ba Nǹkan Jẹ́

Kò ní jẹ́ òtítọ́ bí mo bá ní kí a máa sáré gba gbogbo àtúnṣe ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tí ètò ààbò rẹ̀ wà ní ìdí Windows lọ́hùn-ún, fi àtúnṣe kékeré kan tí ó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Wọ́n fa á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 78, ṣùgbọ́n Microsoft fojú bù ú pé ó ti dá nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà dúró. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni ènìyàn ní láti dé ìdí rẹ̀ kí ó tó lè tún un ṣe.

Àwọn alábòójútó tí ó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ fi àtúnṣe sí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò wò ó fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ìdúró yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ní kí ó di ìgbà mìíràn, nítorí pé ó ní ọjọ́ tí yóò parí, ẹnì kan sì ni ó ń ka ọjọ́ náà.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, iná mànàmáná ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́, ètò adarí lè bàjẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò ní jí mọ́. Ẹni tí kò bá ní bátìrì ìpamọ́ kò gbọdọ̀ fi àtúnṣe sí ju ẹ̀rọ bíi mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣòro kejì ni ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe fún Windows 10, àfi fún àwọn tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè fún. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò máa wá sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀dínwó, wọn yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa lójú. Kí ẹ̀ka tí ó bá fẹ́ rà wọ́n fún àjọlò kọ́kọ́ béèrè ọdún tí àtúnṣe wọn yóò parí, kí ó tó béèrè iye owó wọn. Èyí tí ó bá ti wà nílẹ̀, a lè fi Linux sí i, nítorí pé ọdún márùn-ún ni Ubuntu onígbà-pípẹ́ fi ń gba àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe fún, kí a yọ ọ́ kúrò lára àsopọ̀ àwọn yòókù, kí a máa fi tẹ ìwé.