Ewé ẹ̀gẹ́ ara àdìrẹ: ẹ ti fara balẹ̀ wò ó rí?

Bí mo bá ní kí ọ̀dọ́ Ìbàdàn kan dárúkọ àwòrán òdòdó kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdòdó sunflower inú ìkòkò tí Vincent van Gogh kùn ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1888 ló máa sọ. Kò burú. Òdòdó mìíràn níbẹ̀ yọ dáadáa, òmíràn ti ń rọ, ọkùnrin náà ò sì fi ipa ọwọ́ ẹ̀ pamọ́. Ìyẹn ló dùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀gẹ́ tó wà lára àdìrẹ ìyá yín àgbà ńkọ́?

Láfún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ rẹ̀. Wọ́n á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ya ewé sórí aṣọ funfun, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Aró ò ní í ráyè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ewé á yọ. Àbẹ́ ò rí nǹkan, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ya ewé ẹ̀gẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Ọjà'ba kọjá sí Bẹẹrẹ mọ Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lórí òkè, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Àwọn aládìrẹ ya òpó rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sáàárín òpó, wọ́n pe aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé ìjọba! Ẹni tó ń ronú ló ya irú ẹ̀.

Lára àdìrẹ tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí ewé méjì tó dọ́gba. Ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ̀. Níbì kan, ẹ̀kọ ti ń tán lẹ́nu ìyẹ́, ìlà wá tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin tó yà á.

Ní báyìí, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, ti wà lọ́jà. Owó ẹ̀ kéré, mi ò sì bá ẹni tó rà á jà. Ṣùgbọ́n tójú wa ò bá mọ ìyàtọ̀, ta ló máa sanwó fún ẹni tó ń fi ìyẹ́ yàwòrán?

Ẹ ṣí àpótí ìyá yín. Ẹ tẹ́ aṣọ náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wá ewé méjì, ẹ fi wọ́n wéra. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ohun kan náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe kẹ́ ẹ tó ná an.