Dídì Kì í Ṣe Síso: Gbígbé Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ ní Agbègbè Èjìgbò

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo iṣẹ́ tí okùn ń ṣe. A di ẹrù. A so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. A de ọ̀daràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó di ẹrù ti mú kí ẹrù náà wà pọ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n kò tíì so ó mọ́ ohunkóhun. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro fún ọmọ ilé-ìwé láti mọ̀, síbẹ̀ òun gan-an ni a ń gbàgbé nígbà tí a bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a fi okùn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, tí a sì sọ pé ó tó.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méjì ni iṣẹ́ ń béèrè ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Èkínní ni èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà: táǹkì roboto kan, ẹ́ńjìnnì kékeré lórí rẹ̀, bẹ́líìtì láàárín méjèèjì. Èkejì tóbi jù ú lọ fíìfíì. Òun ni ti àwọn tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bọ́ọ̀hólù. Àpáta líle ni ó wà ní abẹ́ ilẹ̀ Èjìgbò, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní abẹ́ ilẹ̀ Ọ̀ṣun yòókù. Nígbà tí irin bá ti gba ilẹ̀ rírọ̀ kọjá, òòlù tí afẹ́fẹ́ ń tì nínú ihò ni a fi ń fọ́ àpáta náà, afẹ́fẹ́ kan náà ni ó sì ń fẹ́ eruku òkúta jáde. Nítorí náà, ibikíbi tí a bá ti fẹ́ gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ní Màsífà, ìbáà ṣe ní Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ̀rọ tí ó lè wọn tọ́ọ̀nù méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti rìn dé ibẹ̀.

Ẹrù méjì ni ẹni tí ó gbé e ń gbé. Irin ni èyí tí ojú ń rí. Afẹ́fẹ́ inú táǹkì ni èyí tí ojú kò rí. Robert Boyle, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní ilẹ̀ Ireland, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1662 pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ mọ́ ìdajì àyè tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí gbígbóná rẹ̀ kò yí padà, agbára tí ó fi ń ti ògiri àyè náà yóò di ìlọ́po méjì. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ń ti ara wa pẹ̀lú agbára pọ́n-ùn 14.7 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí géèjì fọkanáísà bá wà ní 120, agbára tí ó lé sórí èyí ti ju ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ lọ díẹ̀. Táǹkì tí ó gba 100 lítà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní bí 900 lítà afẹ́fẹ́ ojú òde nínú. Bí ó bá sì bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tí yóò tú jáde kò kéré sí ti ọkọ̀ kékeré tí ó wọn tọ́ọ̀nù kan, tí ó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti ẹ̀rọ agbẹ́kànga ju èyí lọ. Oòrùn pàápàá ń fi kún un: táǹkì tí a tì pa ní òwúrọ̀ nígbà tí ooru jẹ́ 27, tí ó sì di 57 lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, agbára inú rẹ̀ ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i.

Ohun àkọ́kọ́, kí a tó wá okùn rárá, ni kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde títí géèjì yóò fi padà sí òdo. A óò sì ṣí èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì kí omi inú rẹ̀ ṣàn dànù. Omi yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Láti inú ni ó ti ń mú kí irin dípẹtà, tí ara táǹkì yóò fi máa fẹ́lẹ́ sí i nígbà tí ọ̀dà ìta ṣì ń dán. Géèjì a sì máa parọ́: ọwọ́ rẹ̀ lè há sójú kan. Nítorí náà ó sàn kí fáàfù wà ní ṣíṣí jálẹ̀ ìrìn-àjò. Àwáwí tí àwọn kan ń ṣe ni pé epo ni yóò tún ṣòfò láti fún afẹ́fẹ́ tuntun sí i. Òótọ́ ni, epo náà kò pọ̀.

Ó wá ku irin. Ọkọ̀ ni bíréèkì ń mú. Kò mú ẹrù. Bí awakọ̀ bá rí ewúrẹ́ lójijì, tí ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró, ẹ̀rọ sì ń bá eré tirẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ni pé ohun tí a fi so ẹrù gbọ́dọ̀ lè dá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹrù náà dúró bí ó bá fẹ́ yọ síwájú, àti ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yọ sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta, èyí jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.4 síwájú, tọ́ọ̀nù 1.5 sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn ọ̀rá tí a fi ń so àpò gààrí kò lè dúró níwájú irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ṣéènì tàbí bẹ́líìtì ẹrù mẹ́rin ni kí a lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti igun ẹ̀rọ kan lọ sí irin tí ó dúró gbọn-in lára ọkọ̀: méjì kí ó fà síwájú, méjì kí ó fà sẹ́yìn, kí gbogbo wọn sì dà sísàlẹ̀ díẹ̀. Irin ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ni a ń so, kì í ṣe róbà, kì í ṣe ìdérí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìkọ́ tí ó wà ní orí ẹ̀rọ ńlá ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Gbígbé sókè ni a ṣe é fún, kò sì lè dá ẹ̀rọ dúró bí ó bá fẹ́ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ní táyà, kí a fi igi dí wọn níwájú àti lẹ́yìn. Kí ó súnmọ́ ògiri iwájú ọkọ̀, kí ó wà ní àárín, kí ó sì dúró ṣánṣán, nítorí bí ó bá dùbúlẹ̀, ọ́ìlì yóò ṣàn lọ sí ibi tí kò yẹ, epo bẹntiróòlù yóò sì máa kán. Ẹ̀fúùfù epo nínú bọ́ọ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì jẹ́ ewu lọ́tọ̀.

Èyí tí ọkọ̀ ń fà ní ìlànà tirẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, sórí ibi tí ó ti so kọ́ ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wúwo jù, yóò máa jù bí ìrù. Ṣéènì ìdáàbòbò kò gbọdọ̀ ṣàìsí.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù yẹ ohun tí ó so wò láàárín 50 máìlì àkọ́kọ́, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà. Láti Èjìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bí 30, dé Òṣogbo nǹkan bí 40. Ẹni tí ó bá dúró de òfin náà yóò ti débi tí ó ń lọ. Níbi tí gálọ́ọ̀pù àti kòtò bá wà, lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹrù máa ń jókòó dáadáa lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti gbọ̀n ọ́n, bẹ́líìtì yóò sì ti dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ni ó ní ẹbí ní Abidjan, ọ̀nà Benin, Togo àti Ghana kò sì ṣàjèjì sí wọn. Láti Èkó nìkan dé ọ̀hún ju 1,000 kìlómítà lọ. Bí ẹnìkan bá ń gbé ẹ̀rọ fọkanáísà lọ síbẹ̀, orí ọkọ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Ẹrù wúwo lókè a máa mú kí ọkọ̀ tètè dojú dé. Níbodè, a lè ní kí ó tú ẹrù wò. Ẹni tí ó so ó lákọ̀ọ́kọ́ náà ni kí ó tún un so.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti ọmọṣẹ́. A ti sọ ọ́ di àṣà pé òun ni yóò jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, tí yóò fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ, tí yóò sì fi ọwọ́ di okùn mú. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó lè ti tọ́ọ̀nù 2.4, kódà ẹ̀rọ fọkanáísà tí ó wọn 100 kìlógíráàmù yóò fi 80 lé e láyà lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni kí ọmọ náà jókòó. Bí àyè kò bá sí níwájú, kí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní owó ọkọ̀ mìíràn.