Ajá Tí Wọ́n Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún: Ṣé Mùsùlùmí Lè Gbà Á Tọ́jú Nílé?

Ìyá kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kí wọ́n gba ajá kan sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ̀ ló gbá ajá náà, wọ́n ti to egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tí yóò gbà á pátápátá. Ìyá náà ní, "Ààfáà, ṣé ajá ló wá kù tí n ó máa tọ́jú nínú ilé tí a ti ń kírun?" Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń kọ lóminú.

Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà tó ń gba ajá tí kò ní olówó là. Battersea ti wà láti ọdún 1860, Dogs Trust láti 1891. Wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ń kó ajá sí, ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ pọ̀, ara ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ kàn kì í sì í balẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń wá ìdílé tí yóò gbà á sọ́dọ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná, tí wọn yóò sì fi rí ẹni tí yóò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ló sábà máa ń san owó dókítà ẹranko. Ẹgbẹ́ náà ló ṣì ni ajá. Àmáánà ló wà lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Ajá tí wọ́n to egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Inú àgò onírin ni yóò máa sùn; okùn ni ẹ ó fi mú un jáde lọ tọ̀, ẹ ó sì tètè mú un wọlé. Wọn yóò fi ike tó rí bí àrọ sí i lọ́rùn kó má baà máa lá ojú ọgbẹ́. Àánú rẹ̀ á ṣe àwọn ọmọ, wọn á fẹ́ bọ́ ọ kúrò. Ẹ má gbà fún wọn: òru ọjọ́ kan péré tó fún un láti fi eyín já gbogbo okùn tí dókítà fi rán an. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ wo ojú ọgbẹ́ náà. Bó bá wú, tó ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, ẹ pe ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń yọ okùn náà. Oògùn tí dókítà bá kọ nìkan ni kí ẹ fún un, torí paracetamol tàbí ibuprofen tí ẹ̀yin ń lò lè pa á. Àlùbọ́sà, èso àjàrà àti ṣokoléètì náà léwu fún un, nítorí náà ìṣẹ́kù ọbẹ̀ wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má sì fi ọmọdé nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ajá tí nǹkan ń dùn lè gé ẹni tó fẹ́ràn jẹ. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ rántí dìgbòlugi: ẹ má fọwọ́ kan ajá ìgboro tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Lọ́dọ̀ Imáàmù Málíkì, tí àwa ilé kéú ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nàjísì, itọ́ rẹ̀ pàápàá kì í ṣe nàjísì. Fífọ abọ́ tí ajá bá lá nígbà méje, ìjọ́sìn ló kà á sí. Lọ́dọ̀ Imáàmù Ṣáfíì, nàjísì ni ajá láti orí dé ìrù, fífọ nígbà méje sì di dandan, ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀. Nítorí náà, bí aládùúgbò yín tó jẹ́ ará Sòmálíà bá ń sá fún ajá ju yín lọ, ẹ má bínú sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ajá ní tiwọn, nàjísì ni.

Èyí tó le jù ni pé kí ajá máa gbé inú ilé. Hádíìsì wà nínú Bùkárì àti Músílímù pé láádá ẹni tó bá ń sin ajá tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn tàbí ti oko yóò máa dínkù lójoojúmọ́, àti pé màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd kọ, tí a kà ní kéwú, náà kò fẹ́ ajá nínú ilé. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ń sọ ìtàn pé nígbà tí ògiri ilé Ibn Abi Zayd fúnra rẹ̀ wó, tí ẹ̀rù ń bà á, ó so ajá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní Málíkì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé bí Málíkì bá bá ìgbà yìí, kìnnìún ni ì bá so.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń sin ajá ni hádíìsì náà ń bá wí. Ẹni tó gba aláìsàn tọ́jú, tí yóò sì dá a padà, kò sin ín. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) náà ló sọ fún wa nípa ọkùnrin tó wọ inú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì torí ẹ̀ foríjì í. Àwọn ààfáà kan kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, pàápàá nítorí ọ̀rọ̀ màláíkà, mi ò sì bá wọn jà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi owó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, tàbí kó máa fi ọkọ̀ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ní kí ìyá náà béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bóyá yàrá ẹ̀yìn tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ tó fún ajá náà, kí ó sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n gbà. Ọmọ náà ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ní aṣọ kan tí kì í fi kírun, òun náà ló ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ bí ajá náà ṣe ń ṣe sí ariwo àti sí àlejò, kí wọ́n lè mọ irú ilé tí yóò bá a mu. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ò tíì fọwọ́ kan ajá náà, ṣùgbọ́n ó ní òun ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.